Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà fún Ètò Ìlera: Bí ẹ̀rọ ìtànṣán bá sinmi, jẹjẹrẹ ọ̀fun kì í sinmi

Sí: Mínísítà àpapọ̀ fún Ètò Ìlera, Àbújá.
Ẹ̀dà sí: Ọ̀gá Àgbà NICRAT (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ), Ọ̀gá Àgbà NHIA (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún adójútòfò ìlera), àwọn ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ìjọba tó ní ẹ̀rọ rediotẹ́rápì (ìtọ́jú ìtànṣán), àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ NARD (ti àwọn dókítà résídẹ́ǹtì) àti JOHESU (ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà).

Ọlọ́lá Mínísítà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Bébà kan ló fà á tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ka rediotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ó ní ẹ̀ka náà yóò wà ní títì títí ìsinmi yóò fi parí, pé kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá bọ́ sínú ìsinmi má fòyà: “a ó fi kún un ní ìparí.” Kò sí orúkọ dókítà kankan lábẹ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n lù ú.

Olùkọ́ fisíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan n'Ìbàdàn, n kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí ohùn rẹ̀ kẹ̀, orógbó àti oyin la kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀, a ní ààwẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló fà á. Ìgbà tí kò lọ ni a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ láti imú, wọ́n gé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí, èsì sì dé pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n orí tán-án-ná (ohun tó ń gbọ̀n nínú gògóńgò láti mú ohùn jáde) kan ṣoṣo ló wà, kò tíì ràn kúrò níbẹ̀. Dókítà ní kí a dúpẹ́. Òótọ́ ló sọ. Jẹjẹrẹ tán-án-ná kì í fi ara pamọ́ bí ti ibòmíràn, torí pé ohùn á ti kọ́kọ́ yí padà kí ó tó tóbi. Bí wọ́n bá sì rí i ní ìpele kìn-ín-ní, ìtànṣán nìkan, láìfi abẹ kàn án, ń kápá rẹ̀ lára èyí tó ju 80 lọ nínú 100 aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ààbọ̀ ló yẹ kí ìtọ́jú náà gbà. Ó wọ oṣù kẹta. Ẹ̀rọ bàjẹ́, Iléyá dé, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, owó tiwa náà sì gé láàárín. Nígbà tó yá jẹjẹrẹ padà wá, wọ́n sì ní láti yọ gògóńgò rẹ̀ kúrò. Ihò tí wọ́n lu sí ọrùn rẹ̀ ló fi ń mí báyìí.

N kò ní búra pé ọjọ́ tó sọnù ló fà á. Àwọn kan wà tí wọn kò pàdánù ọjọ́ kan tí tiwọn ṣì padà wá, àwọn mìíràn wà tí wọ́n pàdánù ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ara wọn dá ṣáká. Ọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín dípò kí n gbé dókítà kan lọ sí kóòtù: ẹni tó ń ṣe òfin nìkan ló lè yí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún padà.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó.

1. Iye ọjọ́ wà lára oògùn náà.

Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Ní ọ̀pọ̀ ibi, 66 Gy ni wọ́n ń fún irú jẹjẹrẹ yìí, wọ́n á pín in sí ìgbà 33, 2 Gy lójúmọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Wọ́n ń pín in nítorí pé ara tó yí jẹjẹrẹ ká nílò wákàtí díẹ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìtànṣán kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe ju jẹjẹrẹ lọ. Ní ti Sátidé àti Sọ́ńdè tí wọ́n ń fò, kò sí sáyẹ́ǹsì kankan nídìí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló ń sinmi, ìyẹn náà sì tọ́ sí wọn.

Àmọ́ jẹjẹrẹ kì í káwọ́ gbera wòran. Ní 1988, Withers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbájáde ìtọ́jú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn wò láti ibi púpọ̀. Wọ́n rí i pé tó bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò tíì kú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń jẹ nǹkan bí 0.6 Gy nínú iṣẹ́ tí ìtànṣán ti ṣe.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fún àwọn ọmọ SS2. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ọjọ́ 7. 7 lọ́nà 0.6 jẹ́ 4.2 Gy. Ìyẹn ju iṣẹ́ ìtànṣán ọjọ́ méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀sẹ̀ kan bá fò, tí ẹ sì fi ìgbà márùn-ún tó sọnù kún un ní ìparí, 33 ni yóò pé nínú fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba 31 ni jẹjẹrẹ yóò ṣe mọ̀ ọ́n lára. Gbèsè olówó èlé ni, Ọlọ́lá. Ẹni tó dá ojú owó padà, tí kò san èlé, ó ṣì jẹ gbèsè.

Ní 1996, Hendry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di iye tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ kan tí ìtọ́jú bá fi pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ń dín ìrètí kíkápá jẹjẹrẹ orí àti ọrùn kù pẹ̀lú nǹkan bí 1.4 nínú 100. Iye náà yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí èkejì, àwọn kan kéré gan-an, àwọn kan ga. N kò rí èyí tó ní pípẹ́ dára nínú wọn.

2. Wọ́n ti dán an wò, ó sì hàn kedere.

Láàárín 1992 sí 1999, àwọn dókítà Denmark kó aláìsàn 1,485 jọ, gbogbo wọn ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, gògóńgò sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ gègé. Apá kan ń gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, apá kejì ń gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Àpapọ̀ ìwọ̀n bákan náà, iye ìgbà bákan náà. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé àwọn ti apá kejì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tètè parí. Nígbà tí èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2003, wọ́n ti tẹ̀ lé wọn fún ọdún márùn-ún: ìtànṣán kápá jẹjẹrẹ lára 70 nínú 100 àwọn tó yára, àti lára 60 nínú 100 àwọn tí kò yára. Láàárín àwọn tí jẹjẹrẹ tiwọn wà ní gògóńgò, 80 nínú 100 ló pa ohùn wọn mọ́ ní apá tó yára. 68 ni ní apá kejì.

Méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu ara wọn lónìí, láìsí oògùn tuntun àti láìsí ẹ̀rọ tuntun. Sátidé ni wọ́n lò, tàbí kí wọ́n fún aláìsàn ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán wákàtí mẹ́fà láàárín méjèèjì. Ó ní ìyà tirẹ̀ o, n kò ní fi pamọ́: egbò ẹnu àti ọ̀fun tó le gan-an bá 53 nínú 100 àwọn tó yára, ó sì bá 33 nínú 100 àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n egbò yẹn jiná.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní Denmark nìyẹn. Ó dáa. IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́mìkì, tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti 1964, gbé ìbéèrè kan náà lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ní Éṣíà, Yúróòpù, Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti agbègbè àwọn Lárúbáwá. Aláìsàn 908 ló wà nínú rẹ̀, láti 1999 sí 2004. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 42 nínú 100 ni wọ́n kápá jẹjẹrẹ wọn nínú àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀, 30 nínú 100 nínú àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Jẹjẹrẹ púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí ti pẹ́ ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ìdí nìyẹn tí iye wọn fi kéré. Àlàfo àárín méjèèjì ni kí ẹ wò. Ìdí pàtàkì tí wọ́n sì fi ṣe é ni láti mọ̀ bóyá ọ̀nà yìí máa ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ sí.

3. Ìgbà díẹ̀ lè dára ju ìgbà púpọ̀ lọ.

Èyí kan jẹjẹrẹ tán-án-ná tó ṣì kéré gan-an. Ní Osaka, ní Japan, Yamazaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ gègé láàárín aláìsàn 180 tí tiwọn wà ní ìpele kìn-ín-ní. Apá kan gba 2 Gy lójúmọ́ ní ìgbà 30 tàbí 33. Apá kejì gba 2.25 Gy lójúmọ́ ní ìgbà 25 tàbí 28. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìtànṣán kápá jẹjẹrẹ lára 92 nínú 100 àwọn tó gbà á ní ìgbà díẹ̀, àti lára 77 nínú 100 àwọn tó gbà á ní ìgbà púpọ̀. Wọn kò rí i kí ìyà apá kan ju ti èkejì lọ.

Àwọn ará Kòríà náà dán an wò, wọ́n sì tẹ tiwọn jáde ní 2014. Ọ̀dọ̀ wọn náà, ìgbà 28 lékè ìgbà 33, ṣùgbọ́n aláìsàn wọn kò pọ̀ tó kí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ọmọ kíláàsì mi bá mú irú èsì méjèèjì wá, n kò ní jẹ́ kó kọ “ó dájú gbangba.” Màá jẹ́ kó kọ pé kò sí ìdí kankan láti yàn èyí tó gùn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ibi ló ti ń fi ìgbà 20 tàbí ìgbà 16 péré parí irú jẹjẹrẹ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ wá wò ó níbí. Ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Ṣakí tàbí láti Ìkàrẹ́, tó sun ilé ìbátan nítorí ìtọ́jú, tó ń sanwó ìgbà kọ̀ọ̀kan: ìgbà márùn-ún tí ẹ bá yọ fún un jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ààyè márùn-ún ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn. Dókítà ló ni ìpinnu lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, n kò jà á lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ni NICRAT kọ sílẹ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn láti tẹ̀ lé? Bí ó bá wà, àwọn tí mo bi kò rí i rí.

4. Ẹ̀rọ àti iná.

Mo yin ìjọba níbi tó yẹ. Ibùdó jẹjẹrẹ tí NSIA, àjọ ìjọba tó ń fi owó ìlú dókòwò, fi mílíọ̀nù 11 dọ́là gbé kalẹ̀ ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní 2019 fi hàn pé ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Benin, Enugu àti Katsina. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá gé rìbọ́nù ni fọ́tò máa ń pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, a kì í rí ẹnikẹ́ni. Iná ńkọ́? Láti ìparí 2024 wọ inú 2025, IBEDC, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ìbàdàn, gé iná UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí gbèsè, apá kan nínú ilé ìwòsàn yunifásítì tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà sì wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí UCH, ta ni ọwọ́ wọn kò lè tó?

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ilé ìwòsàn kan, láìsí àdéhùn pẹ̀lú ilé ìwòsàn kejì tí yóò gba aláìsàn láàárín ọjọ́ méjì, kì í ṣe ètò.

5. Ìsinmi.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ òmìnira, June 12, Kérésì: kò sí èyí tó dé bá wa lójijì nínú wọn. Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ náà, ọjọ́ kan péré ni òṣùpá fi lè yẹ̀ wọ́n. Lásìkò Àjíǹde, láti Fúráídè títí Mọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra ni ẹ̀rọ fi ń sùn. Bí ìyẹn bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún ìtọ́jú ènìyàn, ẹ ti rí ìṣirò rẹ̀ lókè.

Yàrá ìgbẹ̀bí kì í ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ̀ka pàjáwìrì kì í tì í. Ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ sọ fún aboyún pé kó mú sùúrù, a ó fi kún un ní ìparí. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, sọ fún wọn pé òun yóò wá bí wọ́n bá ṣí. Wọn kò ṣí.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú owó àfikún, lè fi òwúrọ̀ kan tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn nìkan. N kò ní kí ẹ ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí ọjọ́ kan tàbí méjì kò fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n lára. Dókítà mọ̀ wọ́n.

6. Ìyanṣẹ́lódì.

Ẹ̀yin aṣáájú NARD àti JOHESU, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Èmi náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mo ti yanṣẹ́ lódì rí, mo sì tún máa ṣe é. Mo mọ̀ pé gbèsè tí wọ́n jẹ yín kì í ṣe irọ́. Ní 2018, JOHESU wà nílé fún ọjọ́ 44. Ní 2021, NARD fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ wà ní àárín nígbà náà kò sí lórí tábìlì ìjíròrò yín, kò sì sí lórí tábìlì ìjọba.

Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Kí ẹ̀yin àti ìjọba jọ fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ọ̀fun yóò parí rẹ̀, ìyanṣẹ́lódì tàbí òmíràn. Wọn kì í pọ̀ ní ilé ìwòsàn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní ba ìjà yín jẹ́. Kódà, ará ìlú á tì yín lẹ́yìn sí i.

7. Owó.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa.

Ní ilé ìwòsàn tí a lọ, owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà. Bí rìsíìtì ọ̀sẹ̀ tuntun kò bá sí nínú fáìlì, wọn kì í pe orúkọ èèyàn. Akọ̀wé tó ń wo rìsíìtì kò mọ̀ pé òun ń yí oògùn padà. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé 66 Gy ni dókítà kọ, tí akọ̀wé kan wá fi gègé pa á rẹ́, tó kọ 62, ẹ̀wọ̀n ni yóò ti fẹ̀yìn tì. Bí ó bá dá aláìsàn padà fún ọ̀sẹ̀ kan láti lọ wá owó, ohun kan náà ló ṣe, a sì ń pè é ní ìlànà ọ́fíìsì.

Àwa ọmọ ìyá dáwó, mọ́ṣáláṣí dáwó, a sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń rí owó náà lọ́jọ́ Wẹ́dínẹ́sì nígbà tí wọ́n ti nílò rẹ̀ láti Mọ́ńdè.

NHIA ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n kéde fún rediotẹ́rápì ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ìjọba àpapọ̀ sì ní owó àkànṣe fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ àwọn aláìní. Ẹ ṣeun. Ìbéèrè mi ni pé ọjọ́ wo ni owó náà ń wọ àpò ilé ìwòsàn? Owó tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta kò lè ra ọ̀sẹ̀ kejì padà. Kí gbogbo owó ìtọ́jú kan jẹ́ ẹyọ kan, láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ ìkẹyìn, kí ilé ìwòsàn parí iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì bá ẹbí àti NHIA ṣírò lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá sọ ọ̀rọ̀ mi di ìdí láti dá aláìsàn dúró lẹ́nu ọ̀nà títí owó yóò fi pé. Dídúró kí a tó bẹ̀rẹ̀ náà ń pa ènìyàn. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àkójọ ìwádìí kan jáde ní 2020 tó fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a bá fi falẹ̀ kí ìtànṣán jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 kún ewu ikú.

8. Àwa aláìsàn náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, oúnjẹ á ṣòro gbé mì, àwọn mìíràn á sì sá lọ sí orí òkè àdúrà tàbí sí ilé pé àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀. Àwọn kan ò jáwọ́ nínú sìgá, bẹ́ẹ̀ sìgá ń dín agbára ìtànṣán kù. Ẹ̀bi wa ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi Yorùbá ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi, kó tó bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ tó máa dùn ún jù ni ọ̀sẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ fò. Ìwé tí wọ́n fún un, Gẹ̀ẹ́sì ni.

9. Bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán ní Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Radiologists, ní ìwé ìlànà lórí èyí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Wọ́n pín aláìsàn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Irú jẹjẹrẹ ọ̀fun tí mo ń sọ yìí wà ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní: ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju ọjọ́ méjì lọ kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá sọnù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n wá ọ̀nà láti parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá: wọ́n á gbé aláìsàn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ náà, tàbí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Sátidé, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà láàárín. Bí gbogbo ìyẹn kò bá ṣeé ṣe ni onímọ̀ fisíìsì àti dókítà á jókòó ṣírò iye ìtànṣán tí wọ́n máa fi kún un nítorí àkókò tó lọ. Fífi ọjọ́ kún ìparí láìṣírò ohunkóhun kò sí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojútùú.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Àwọn tí a kọ́ ní Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH wà, àti ní Ìbàdàn ń tẹ̀ lé ìlànà yìí lọ́hùn-ún láìráhùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a kò ní ìmọ̀ rẹ̀.

10. Ohun tí mo ń béèrè.

Láti ọ̀dọ̀ yín, Ọlọ́lá Mínísítà: ìwé àṣẹ kan ṣoṣo sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán, pé jẹjẹrẹ orí àti ọrùn wà ní ọ̀wọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró, pé ìsinmi kò ká a mọ́, àti pé kí a sanwó àfikún fún àwọn tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ìwé yìí jáde kí ọdún yìí tó parí.

Láti ọ̀dọ̀ NICRAT: ìlànà tí a kọ sílẹ̀ lórí ohun tí a ń ṣe bí ọjọ́ bá sọnù, àti lórí irú aláìsàn tí ìgbà díẹ̀ tó 28 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ yẹ fún. Kí ẹ tún sọ ilé ìwòsàn tí aláìsàn Ìbàdàn, Èkó, Benin àti Àbújá máa lọ bí ẹ̀rọ tiwọn bá kú, kí ilé ìwòsàn méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú, kí fáìlì àti ètò ìtọ́jú lè bá aláìsàn lọ.

Láti ọ̀dọ̀ NHIA: owó kíkún lọ́jọ́ kìn-ín-ní, fún ìtọ́jú kíkún.

Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn: ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé owó lè dá ìtọ́jú dúró; bí ó bá máa dúró, kí ó jẹ́ pé dókítà àgbà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ fi Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Píjìn kọ ohun tí aláìsàn ní láti mọ̀.

Àti láti ọ̀dọ̀ gbogbo yín, iye kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, torí pé ó ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ní oṣù méjìlá tó kọjá, aláìsàn jẹjẹrẹ ọ̀fun mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ìtànṣán ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan? Mélòó ló parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà kọ? Ọjọ́ mélòó ni àwọn yòókù fi pẹ́, kí ló sì fà á? Òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú ìsọfúnni yìí ti wà láti 2011. Mo ti fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ lábẹ́ òfin yẹn, lọ́tọ̀ sí lẹ́tà yìí, ọjọ́ méje sì ni òfin fún yín láti fèsì.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Olùkọ́ fisíìsì kan, Ìbàdàn.